Ẹ́ńjìnnì Píjò Nínú Mọ́tò Nọ́ọ̀sì

"Ẹ rọra sọ ọ́ kalẹ̀, Nọ́ọ̀sì. Díẹ̀díẹ̀."

Sẹ̀gilọlá ló ń fa ṣéènì. Aṣọ iṣẹ́ funfun ló wọ̀. Ẹ́ńjìnnì Píjò 404 ń fì lábẹ́ ẹ̀ka igi máńgòrò, mo sì ti tẹ orí bọ iwájú mọ́tò. Èjìká ni mo fi ń tì í sẹ́yìn kí ìdí rẹ̀ lè bá ẹnu gíábọ́ọ̀sì pàdé.

"Bàbá Ṣadé, apá ń ro mí o."

"Ẹ má jọ̀wọ́ rẹ̀."

"Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mo kọ́. N kò kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì."

"Ọ̀kan náà ni. Ẹ máa sọ ọ́ kalẹ̀."

Ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ́ńjìnnì jókòó. Mo wò ó. Àlàfo ìka mẹ́rin ló wà láàárín ìdí ẹ́ńjìnnì àti ẹnu gíábọ́ọ̀sì. Ihò bóòtù mẹ́jọ ló wà lẹ́nu gíábọ́ọ̀sì. Kò sí ọ̀kan tó dojú kọ ihò kankan lára ẹ́ńjìnnì.

"Ṣé ó ti wọlé?"

"Kò wọlé."

"Kí ló kù?"

"Ohun tí wọn kò tíì ṣe láyé ló kù."

Ó jókòó sórí taya. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó fi koríko nù ún.

Ọdún 1978 ni, nínú Lẹ́ńtì. Mọ́tò náà, Láńdírófà kan, jẹ́ ti ìjọ Àgùdà ní Adó. Ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìn rẹ̀ wà, torí wọ́n ti rà á pẹ́ kí ìjọba tó ní kí gbogbo wa bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún ọ̀nà. Gbogbo Ọjọ́rú ni Nọ́ọ̀sì Sẹ̀gilọlá ń gbé e lọ sí àwọn àba tó wà lẹ́yìn Ìgbèmọ̀ láti lọ wo àwọn aboyún. Ọ̀nà yẹn kì í ṣe ti mọ́tò kékeré. Odò kan dábùú rẹ̀, òkè kan sì wà níwájú odò náà, Òkè Ẹlẹ́kùrọ́. Bí taya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò bá jọ fà, mọ́tò kò lè gùn ún.

Nígbà ọyẹ́, ikùn ẹ́ńjìnnì rẹ̀ là. Omi dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì. Mo wá irú rẹ̀ ní Adó, mo wá a dé Àkúrẹ́, mo wá a dé Ìbàdàn. N kò rí i. Ẹ́ńjìnnì Píjò ló wà nílẹ̀ nígbà náà, torí Píjò ni èrò ń wọ̀ káàkiri. Mo rí ọ̀kan lára mọ́tò tí igi wó lù. Igi pa mọ́tò, kò pa ẹ́ńjìnnì. Mo gbé e wálé láti wò ó bóyá yóò gbà.

Ọjọ́bọ̀ ni Tíṣà Akínọlá wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Òun ni alága ìgbìmọ̀ ìjọ. Ó ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé rí, ó sì ti fẹ̀yìn tì. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ gún taya Láńdírófà.

"Bámgbóyè, ọkùnrin kan ń bọ̀ láti Iléṣà. Irin àkùfọ́ ló ń rà. Sátidé tó ṣáájú Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ ló ń bọ̀. Bí mọ́tò yìí kò bá gun Òkè Ẹlẹ́kùrọ́ kó sì padà dé ní ọjọ́ náà, òun ni yóò gbé e lọ. Ìgbìmọ̀ ti fẹnu kò."

"Ọjọ́ mélòó ló kù?"

"Mẹ́sàn-án."

"Ó dáa."

"Ṣé Píjò lè di Láńdírófà?"

"N kò mọ̀, Tíṣà. Mo fẹ́ mọ̀ ni."

Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà pẹ̀lú.

"Tíṣà, obìnrin mọ́kànlá ló lóyún ní Àba Ẹlẹ́kùrọ́. Ṣé onírin àkùfọ́ ni yóò gbẹ̀bí wọn?"

"Nọ́ọ̀sì, ìjọ kò lè ra mọ́tò tuntun."

"Ta ló bèèrè tuntun?"

Tíṣà gbé ọ̀pá rẹ̀, ó lọ.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn. Ní ọ̀sán Sátidé tí a sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ tí kò wọlé, ọ̀sẹ̀ kan péré ló kù.

Nígbà tí Nọ́ọ̀sì lọ tán, mo gbé àpótí, mo jókòó tì í. Mo fẹ́ mọ ohun tó bára mu nínú àwọn méjèèjì àti ohun tí kò bára mu. Ohun àkọ́kọ́ tí mo ti wò ni ibi tí wọ́n ń yí sí. Mo fi ọwọ́ yí tibí, mo fi ọwọ́ yí tọ̀hún. Ibì kan náà ni wọ́n ń yí sí. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, gíá mẹ́rin ni mọ́tò ì bá fi máa lọ sẹ́yìn, kó fi ẹyọ kan péré lọ síwájú.

Ẹ́ńjìnnì Píjò kì í dúró gánrangánran. Ó máa ń fẹ̀gbẹ́ sọ́tùn-ún, bí àgbàlagbà tó jẹun yó. Ọwọ́ ọ̀tún yẹn náà sì ni ọ̀pá sítíárìn wà. Mo fi ọwọ́ wọn àlàfo tó wà láàárín wọn. Ìka méjì. Ó tó.

Eyín tó wà nínú àwo kíláàṣì Píjò kò gba imú gíábọ́ọ̀sì. Mo gé àárín àwo Láńdírófà, mo kàn án mọ́ àárín ti Píjò. Ó gbà. Imú gíábọ́ọ̀sì sì ní láti rí ihò kékeré kan sùn sí nínú ìdí ẹ́ńjìnnì. Ihò tó wà níbẹ̀ fẹ̀ jù. Ọkùnrin kan tó ní ẹ̀rọ léètì lójú ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ gbẹ́ bàbà kan fún mi tó dín in kù. Ó gbà.

Ohun tó kù ni àlàfo ìka mẹ́rin. Òrùka ni ó yẹ kó dí i. Ojú rẹ̀ kan yóò gba bóòtù Píjò, ojú kejì yóò gba ti Láńdírófà, ètè gíábọ́ọ̀sì yóò sì wọ inú rẹ̀ ṣinṣin kí ọ̀pá àárín má baà yẹ̀. Mo lè gé irin lára ṣáàsì lọ́rì kí n jó o pọ̀, àmọ́ iná máa ń ká irin. Bó bá ká tó irun orí, gíá yóò jẹ ara rẹ̀ tán kó tó dé Ìwòrókò.

Ọjọ́ Ajé, Nọ́ọ̀sì gbé oúnjẹ wá. Ìrẹsì Ìgbèmọ̀ ni, nínú ìkòkò àlùmíníọ̀mù ńlá kan. Ó gbé e ka orí bẹ́ǹṣì. Mo ṣí ìdérí rẹ̀. Mo wo ètè ìkòkò. Mo ta á ní ìka, mo gbọ́ ohùn rẹ̀. Mo gbé e sókè, mo wo ìdí rẹ̀.

"Bàbá Ṣadé, oúnjẹ wà nínú rẹ̀ o."

"Mo rí i."

"Ìkòkò lẹ ń wò. Ṣé ẹ fẹ́ jẹ ìkòkò ni?"

"Ta ló ṣe é?"

"Ilésanmí, lẹ́yìn Ọjà Ọba. Ẹ jẹun ná."

Mo jẹun. Lẹ́yìn náà mo lọ sí ọ̀dọ̀ Ilésanmí.

Mo mọ̀ ọ́n lójú, n kò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ mi ni. Ó jókòó síwájú iná ẹ̀ẹ́dú, ó ń fi ẹwìrì fẹ́ ẹ. Nínú agolo tó wà lórí iná, mo rí ohun tí mo mọ̀ dáadáa. Písítìnì ni, àwọn àtijọ́ tí àwa mẹkáníìkì ń dà sí ẹ̀yìnkùlé. Ó ń yọ́ wọn bí òrí.

"Níbo lo ti rí wọn?"

"Ẹ̀yìnkùlé rẹ ni. Ṣé o fẹ́ gbà á padà ni?"

"Rárá. Mo fẹ́ mọ bí o ṣe ń dà á."

Ó fi hàn mí. Ìkòkò kan tó ti wà tẹ́lẹ̀ ló ń lò. Ìyá ló ń pè é. Ó tẹ ìyá bọ inú iyanrìn tó rin, ó gún iyanrìn náà le yí i ká, nínú àti lóde. Lẹ́yìn náà ó yọ ìyá kúrò pẹ̀lẹ́. Àyè tí ìyá fi sílẹ̀ ni yóò da irin tó yọ́ sí. Bó bá tutù, wọ́n á fọ́ iyanrìn, ọmọ á jáde.

"Bí mo bá fi igi gbẹ́ òrùka wá, ṣé o lè da irú rẹ̀?"

"Bí o bá fi igi gbẹ́ ara rẹ wá, màá da irú rẹ." Ó rẹ́rìn-ín. "Kí lo fẹ́ fi òrùka ṣe? Ṣé ìyàwó ni?"

"Píjò àti Láńdírófà ló fẹ́ ṣègbéyàwó."

"O kú uṣẹ́ o. Gbé e wá."

Mo fi gírísì pa ẹnu gíábọ́ọ̀sì, mo tẹ páálí mọ́ ọn. Ihò gbogbo hàn lára páálí náà. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìdí ẹ́ńjìnnì. Mo fi páálí méjèèjì gbẹ́ òrùka kan láti ara igi ọmọ̀. Ó gbà mí ní alẹ́ kan àti odindi ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Mo gbé igi náà sí ẹnu gíábọ́ọ̀sì. Ó wọlé bí ìgbà tí ìdérí wọ ìṣà. Inú mi dùn.

Àárọ̀ Ọjọ́rú ni Ilésanmí dà á. Ó fọ́ iyanrìn. Òrùka jáde, ó ń dán. Mo fi àpò dì í, mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀. Ọjọ́rú ni, kò sì rí mọ́tò gbé lọ sí oko.

Mo gbé òrùka sí ẹnu gíábọ́ọ̀sì. Kò wọlé.

Mo yí i. Kò wọlé. Mo fọ etí rẹ̀ mọ́, mo tún gbé e. Ètè gíábọ́ọ̀sì dúró lẹ́nu ihò bí ẹni tí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ síta. Mo mú igi, mo gbé e síbẹ̀. Igi wọlé. Mo mú òrùka. Kò wọlé.

"Ṣé ẹ wọ̀n ọ́n dáadáa?" Nọ́ọ̀sì ló bèèrè.

"Igi wọlé, ẹ rí i."

"Mo rí i. Kí ló wá dé?"

N kò mọ̀. Mo lè fi fáìlì gbẹ́ inú ihò náà kó fẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí mo ti fẹ́ lu ihò bóòtù ti sún mọ́ inú jù. Mo gbé páálí lé òrùka. Kò sí àmì kan tó bọ́ sí ibi tó yẹ kó bọ́ sí. Gbogbo rẹ̀ ti kéré. Kò yí, kò ká. Ó kàn kéré ni.

Mo gbé igi àti òrùka, mo padà sí Ọjà Ọba. Nọ́ọ̀sì tẹ̀ lé mi. Lẹ́bàá ọjà a pàdé Tíṣà Akínọlá, ó ń bọ̀ láti ilé ìfìwéránṣẹ́. Ó wo ojú mi.

"Ó ti bàjẹ́?"

"Kò bàjẹ́. Ó kéré."

"Báwo ni irin ṣe lè kéré?"

"Ohun tí mo fẹ́ lọ bèèrè nìyẹn."

Òun náà tẹ̀ lé wa.

Ilésanmí wo òrùka, ó wo igi, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó.

"Bámgbóyè! O ò mọ̀ ni? Ọmọ kì í tó ìyá rẹ̀."

"Kí lò ń wí?"

Ó dìde. Ó kó ìkòkò mẹ́ta jáde láti inú ilé. "Ìyá nìyí. Inú iyanrìn tí mo fi eléyìí tẹ̀ ni mo ti da eléyìí. Ọmọ nìyẹn. Ọmọ yìí ni mo tún fi da eléyìí. Ọmọ-ọmọ." Ó ki ọmọ bọ inú ìyá, ó ki ọmọ-ọmọ bọ inú ọmọ. Gbogbo rẹ̀ wọlé, wọ́n sì jókòó sínú ara wọn. "Bí irin bá tutù, á súnkì. Gbogbo ukòkò ló ń ṣe bẹ́ẹ̀."

"O kò sọ fún mi."

"O ò bi mí. Ta ló ń wọn ukòkò? Bí ọbẹ̀ bá ti gba inú rẹ̀, ó parí."

Nọ́ọ̀sì ní, "Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìyá ni mo ní kó tà fún mi. Gbogbo obìnrin Ọjà Ọba ló mọ̀."

"Ẹ̀yin náà kò sọ fún mi, Nọ́ọ̀sì."

"Ṣé èmi ni màá kọ́ mẹkáníìkì níṣẹ́?"

Tíṣà ti ń fi ọ̀pá rẹ̀ ya nǹkan sórí ilẹ̀. Ó ya òrùka kan.

"Ó kù síbì kan," ó wí. "Mo gbà pé irin ń súnkì bó bá tutù. Mo ti kọ́ ọmọ níyẹn fún ọgbọ̀n ọdún. Ṣùgbọ́n bí irin bá súnkì, ó yẹ kí ara rẹ̀ fà kúrò létí ihò. Ihò yẹ kó fẹ̀ sí i. Ihò òrùka yìí kò yẹ kó kéré."

Mo ronú sí i. Ọ̀rọ̀ náà jọ òtítọ́. Èmi náà ì bá ti sọ bẹ́ẹ̀.

Ilésanmí wo Tíṣà. "Tíṣà, ẹ̀yin lẹ kọ́ àwọn ọmọ mi níwèé. Ẹ wá kí èmi náà kọ́ yín ní ukòkò." Ó mú ìdérí ìyá, irú èyí tí ètè rẹ̀ máa ń wọ inú ẹnu ìkòkò. Ó fún Tíṣà. "Ẹ fi dé ọmọ."

Tíṣà fi dé e. Kò wọlé. Ó jókòó sórí ètè, ó ń mì.

"Ẹ mú ìdérí ọmọ. Ẹ fi dé ìyá."

Tíṣà fi dé e. Ìdérí náà já bọ́ sínú ìkòkò, ó dún gbàǹgàn.

"Ẹnu ukòkò, ṣé kì í ṣe ihò ni?"

Tíṣà yọ ìdérí, ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún.

"Ọgbọ̀n ọdún," ó wí. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. N kò tíì rí ẹ̀rín rẹ̀ rí.

"Báwo ló ṣe ń súnkì tó?" mo bi Ilésanmí.

"Èyí tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan? Ìbú igi ìṣáná méjì."

Mo gbé igi lórí orúnkún. Inú gbọ́dọ̀ fẹ̀, òde gbọ́dọ̀ fẹ̀, ibi bóòtù gbọ́dọ̀ sún síta, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí àyè láti gbẹ́ òmíràn. Mo wò ó pẹ́. Mo wá rí i.

"Ilésanmí, fún mi ní ayùn."

Mo gé òrùka igi náà sí mẹ́rin. Nọ́ọ̀sì pariwo. "Bàbá Ṣadé! Odindi ọjọ́ lẹ fi gbẹ́ ẹ!"

"Bí mo bá fi pátákó pẹlẹbẹ sí ojú ibi mẹ́rin tí mo gé, gbogbo rẹ̀ á fẹ̀ pọ̀. Inú àti òde. Pátákó tó nípọn ju igi ìṣáná méjì lọ díẹ̀ ni mo fẹ́, nítorí ayùn ti jẹ díẹ̀."

A wo ilẹ̀ káàkiri. Igi ìdáná ló wà níbẹ̀, kò sí pátákó tó tẹ́. Tíṣà ki ọwọ́ bọ inú àpò àgbádá rẹ̀. Rúlà onígi ló mú jáde, èyí tó ń gbé kiri láti ìgbà tó ti ń kọ́ni. Ó wò ó. Ó fi èékánná wọn bó ṣe nípọn tó. Ó nà án sí mi.

"Tíṣà," Nọ́ọ̀sì wí, "ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ fẹ́ kí ọkùnrin Iléṣà gbé mọ́tò lọ ni?"

"Ìgbìmọ̀ ló fẹ́ ẹ. Èmi fẹ́ mọ̀ bóyá yóò wọlé."

Mo gé rúlà náà sí mẹ́rin. Ilésanmí fi aṣọ àti èkọ tútù lẹ òrùka pọ̀, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ iná kó gbẹ. Òrùka àkọ́kọ́ ló jù padà sínú agolo. Mo rí i bó ṣe wó lulẹ̀ nínú iná.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ló tún un dà. Nígbà tí mo gbé e dé ṣọ́ọ̀bù, n kò pe ẹnikẹ́ni. Mo gbé e sí ẹnu gíábọ́ọ̀sì. Ó dúró díẹ̀. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a. Ó wọlé.

Ọjọ́ Ẹtì ni mo fi lu ihò, mo fi di bóòtù mẹ́fà síwájú, mẹ́jọ sẹ́yìn. Ìrọ̀lẹ́ ni ẹ́ńjìnnì jí. Mo ti gíá bọ̀ ọ́. Mọ́tò rìn lọ sí ìdí máńgòrò, ó padà wá.

Àárọ̀ Sátidé, a gbéra. Tíṣà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, Nọ́ọ̀sì wà lẹ́yìn pẹ̀lú àpótí rẹ̀. A kọjá Ìwòrókò. Mo ń gbọ́ ohùn òrùka náà ju ohùn Tíṣà lọ. Kò ké, kò hó. A kọjá Ìgbèmọ̀, a bọ́ sínú oko. Odò kò kún. A dé ẹsẹ̀ Òkè Ẹlẹ́kùrọ́.

Mo fa gíá kékeré, mo jẹ́ kí taya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà. Píjò kò lágbára tó ti àtijọ́. Ó ń ké. Ní ìdajì òkè, ó kú.

Mo tẹ bíréèkì. Òkúta ń yọ̀ lábẹ́ taya ẹ̀yìn. Tíṣà di ilẹ̀kùn mú.

"Ṣé òrùka ni?" ó bèèrè.

"Rárá. Èmi ni mo pẹ́ kí n tó fún un ní epo."

Mo jí i. Mo jẹ́ kó ké dáadáa kí n tó tú kíláàṣì sílẹ̀. Ó fà. Ó gun òkè náà bí ewúrẹ́, ó ń gbọn orí, àmọ́ ó gùn ún. Nígbà tí a dé òkè, Tíṣà jọ̀wọ́ ilẹ̀kùn.

A wọ Àba Ẹlẹ́kùrọ́. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Iná ń jó lábẹ́ ìkòkò. Ọlọ wà nílẹ̀, ata tí wọ́n lọ̀ dé ìdajì wà lórí rẹ̀. Adìyẹ nìkan ló ń rìn.

Tíṣà bọ́ sílẹ̀. Ó wo ilé kan, ó wo èkejì.

"Nọ́ọ̀sì, obìnrin mọ́kànlá náà dà?"

Nọ́ọ̀sì dúró láàárín àba. Ó pe orúkọ ẹnì kan, ó pe ti ẹlòmíràn. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo rí i tó ń wo ọ̀nà igbó.

"Gbogbo ìgbà ni wọ́n máa ń jáde wá bí wọ́n bá ti gbọ́ ohùn mọ́tò mi," ó wí.

Tíṣà mi orí. "Ìgbìmọ̀ yóò bi mí ní ohun tí mo rí. Kí ni màá wí? Pé mo rí adìyẹ?"

Mo ṣì jókòó sídìí sítíárìn, mo ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì. Ó ń sọ̀rọ̀ ní tirẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí gbogbo Píjò. Mo wá ronú nǹkan kan.

"Nọ́ọ̀sì, ta ló máa ń gbé Píjò wá sí ìhà ibí?"

Ó yíjú sí mi. Ó fi ọwọ́ lu orí.

"Agbowó-orí! Ìsàlẹ̀ òkè ni wọ́n máa ń gbé Píjò wọn sí. Bí àwọn ará ibí bá ti gbọ́ ọ, inú kòkó ni wọ́n ń sá sí. Àtọkùnrin àtobìnrin."

Ó sáré wá sídìí mọ́tò, ó na ọwọ́ kọjá àyà mi, ó tẹ fèrè. Fèrè náà ni mo fi sílẹ̀ bó ti wà. Ti àtijọ́ ni. Ohùn rẹ̀ dà bí ti màlúù tí òtútù mú. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bó ti máa ń ṣe ní gbogbo Ọjọ́rú.

A dúró. Igbó mì. Ìyá arúgbó kan ló kọ́kọ́ yọ orí.

"Ṣé ìwọ ni, Nọ́ọ̀sì?"

"Èmi ni, ìyá."

"Kí ló ṣe mọ́tò rẹ? Ó ń sọ èdè àwọn agbowó-orí."

"Ọ̀fun rẹ̀ ni wọ́n pààrọ̀, ìyá. Ẹ pè wọ́n wá."

Wọ́n ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ewé kòkó lórí wọn. Tíṣà ń ka àwọn aboyún láìpariwo. Mo rí ètè rẹ̀. Ó ka mẹ́wàá.

"Ìkọkànlá ńkọ́?"

Ìyá arúgbó ní, "Kò lè sá. Ó wà nínú ilé. Ó bímọ lánàá."

Nọ́ọ̀sì gbé àpótí, ó wọlé. Ó pẹ́. Nígbà tó jáde, ó ti ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.

"Ọmọ dáa. Ara ìyá rẹ̀ gbóná bí iná, ẹ̀jẹ̀ kò sì dá. Ọsibítù ni. Báyìí."

A tẹ́ ẹní sẹ́yìn mọ́tò. Tíṣà ló gbé orí, ọkọ obìnrin náà gbé ẹsẹ̀. Orúkọ obìnrin náà ni Wúràọlá. Ọmọbìnrin ni ọmọ. Tíṣà kò jókòó síwájú mọ́. Ẹ̀yìn ló wà, ó fi orúnkún há ẹní náà mọ́ ibì kan kó má baà yọ̀. Mo rọra sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Mo lo gíá kékeré. N kò fẹsẹ̀ kan bíréèkì.

Nígbà tí a dé Adó, ọ̀nà ọsibítù gba iwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́rì kan wà níbẹ̀. Ọkùnrin Iléṣà jókòó sórí àtẹ̀gùn rẹ̀ nínú òjìji, okùn àti ṣéènì nílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó dìde nígbà tó rí Láńdírófà. Ó na ọwọ́ pé kí n dúró. N kò dúró.

Dókítà gba Wúràọlá wọlé. Tíṣà jókòó sí ìta pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ títí dókítà fi jáde tó ní ẹ̀jẹ̀ ti dá. Nígbà náà ni Tíṣà fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo bá a lọ.

"Bàbá, mo ti ń dúró láti ọ̀sán," ọkùnrin Iléṣà wí. "Mọ́tò tí ẹ ní kí n wá gbé dà?"

"Ó wà lẹ́nu iṣẹ́," Tíṣà wí. "Ẹ́ńjìnnì tó là wà ní ṣọ́ọ̀bù Bámgbóyè. Ìyẹn ni kí o gbé."

Ó gbé e. Ó kùn, àmọ́ ó gbé e.

Mọ́tò náà ń lọ sí oko ní gbogbo Ọjọ́rú fún ọdún mẹ́rin àti oṣù díẹ̀. Ìpẹtà ló padà jẹ ìdí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú u, Ilésanmí wá gba òrùka náà, ó yọ́ ọ. N kò bi í ní ohun tó fi dà.

Òrùka igi ló wà lọ́wọ́ mi. Ó so mọ́ ògiri lẹ́yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Aṣọ ti já kúrò lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ègé rúlà mẹ́rin náà wà níbẹ̀. Nọ́ńbà ṣì hàn lára wọn: méjì, márùn-ún, mẹ́jọ, mọ́kànlá.